Ẹyẹ Idẹ Inú Kànga

Òkú ni wọ́n fà jáde nínú kànga náà, kò sì sí ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Agbẹ́kànga ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tó ń mu omi ní òpópó wọn tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ibi tí omi ti jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì, ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ó ṣe ń da ṣúgà sí tíì yìí, àfi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìtajà. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga tuntun tó ń gbẹ́ sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àbúrò rẹ̀ ti figbe ta. Okùn ìbàdí yẹn ni wọ́n fi fà á sókè. Orí rẹ̀ ṣubú sáyà bí orí ẹni tó ń tòògbé. Òkúta kò já lù ú, ejò kò bù ú jẹ, omi tó wà nísàlẹ̀ kò sì ju orúnkún lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ ń dán, bí ti ẹni tí ara rẹ̀ yá.

"Ọkùnrin tó le bí òkúta!" Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i lọ́mọ, ń fọwọ́ gbálẹ̀. "Ta ló bá mi pa á? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani!"

Ikú ilé. Àwọn tó wá kẹ́dùn gbọ́ ọ. Wọ́n wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo Aránṣọ.

Aránṣọ ni ìyàwó àbúrò òkú. Yàrá iwájú ilé ni ó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì fi ẹ̀yìn ti ògiri pákó tó pín in níyà sí yàrá Ìyá Àgbà. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ, kì í sì í rojọ́. Nǹkan méjì tí aráyé kì í fi ji obìnrin nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, Mẹkáníìkì, ló máa ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ kúrò nínú ọ́ìlì, ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í pọ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ikú yìí dé ni Aránṣọ lọ bu iyẹ̀pẹ̀ níbi òkìtì tí Agbẹ́kànga hú jáde, kí ó lè fi ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nǹkan kan gún un lọ́wọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́, ẹyẹ idẹ kan ló rí, tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bò, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó pa ìyẹ́ mọ́ra. Abẹ́rẹ́ gígùn kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ìkọ́ kékeré sì wà níbi ìrù tí abẹ́rẹ́ náà ń há sí. Aránṣọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ohun tó wà fún. Aṣọ ni wọ́n ń fi í dè. Ó jù ú sínú agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ àti pínnì sí. Ó ní òun á fi han ọkọ òun. Ọ̀fọ̀ ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹyẹ fi kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nílé náà. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé rọ, ó pọ́n, ó sùn sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn òkú, ọmọdébìnrin kan báyìí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń wárìrì. Ẹyẹ kan sì gba orí igi ọsàn tó wà lẹ́bàá kànga. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú ló ń dé, á ké, á sinmi, á tún ké.

"Ẹ ṣáà ń gbọ́?" Ìyálé á wí. Òun ni opó Agbẹ́kànga. Ìyálé ni Aránṣọ ń pè é nítorí òun ló kọ́kọ́ wọ ilé náà. "Ẹyẹ ké, ọkọ mi kú. Ó tún ń ké o. Ọmọ mi ló kàn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyálé wá yá abẹ́rẹ́. Aránṣọ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ní kí ó ṣí agolo orí tábìlì. Ohun tó gbọ́ tẹ̀ lé e ni ìró agolo tó fọ́n ká sílẹ̀, àti igbe.

"Ẹyẹ! Yéè! Ẹ gbà mí, mo ti rí ẹyẹ ẹ̀ o!"

Kí Aránṣọ tó dé iwájú, èrò ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyálé mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Má pè mí ní ìyálé ẹ! Kí nìyí?"

"Mo rí i nínú iyẹ̀pẹ̀ kànga ni. Mo rò pé nǹkan tí àwọn ará àtijọ́ fi ń de aṣọ ni."

"Nínú kànga! Ẹ ṣáà ń gbọ́ ọ, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Kànga tó gbé ọkọ mi mì ló ti lọ mú ẹyẹ wá!"

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi kí bàbá tó kú."

"Ẹn-hẹ́n! Kí ó tó kú! Ó ti rán an ṣíwájú nìyẹn!"

Aránṣọ wá rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu òun jáde ló ń di okùn, ọrùn òun náà ni wọ́n sì ń kọ́ ọ sí. Ó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ni wọ́n tún fi mú un.

Àkọ́bí, ọmọkùnrin àgbà tí òkú fi sílẹ̀, géńdé tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, la èrò kọjá. Ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé ó bani lẹ́rù ju ariwo lọ, "bí àbúrò mi bá kú, ẹ ò ní jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà."

Àsìkò yẹn ni Mẹkáníìkì wọlé. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, ó rí ẹyẹ nílẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ ò ṣe sọ̀rọ̀?" ni Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin mọ̀ mí."

Ó nu àtàǹpàkò, ó nu ìka tó tẹ̀ lé e. "Kí ni kí n sọ?"

Ìyá Àgbà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹyẹ náà. Igi ni wọ́n fi tì í dé àgbàlá, wọ́n da abọ́ ńlá kan tó ti fọ́ létí bò ó, wọ́n tún gbé òkúta lé abọ́ lórí, bí ẹni dé òròmọdìẹ tó fẹ́ sá.

Ajá tí wọ́n bá máa pa, orúkọ burúkú ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ wọn. Obìnrin kan tó fẹ́ fa ọmọ fún ọkọ wá gba aṣọ tí wọ́n ti gé, tí wọn ò tíì rán. Ìka méjì ló fi gbé e, bí ẹni gbé eku tó kú. Nígbà tí Aránṣọ ní kó jẹ́ kóun dì í dáadáa fún un, ó ní kó má ṣèyọnu, àwọn á lọ sá a sóòrùn ná.

Ìpàdé náà kò pamọ́. Ojúmọmọ ni wọ́n ṣe é, nínú yàrá Ìyá Àgbà. Aránṣọ rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó yọ òwú kúrò lára rẹ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lásán kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó na etí sí ògiri pákó.

"Kó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ilé," ohùn Ìyálé ni. "Kó tú ọmọ mi sílẹ̀."

"Bí kò bá wá jẹ́wọ́ ńkọ́?" Ìyá Àgbà ló béèrè.

"Kó máa lọ," ni Àkọ́bí dáhùn. "Bí kò bá lọ, àwọn ọmọ àdúgbò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú wọn ṣe."

Ẹsẹ̀ Aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Ó ń dúró de ohùn kan ṣoṣo. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ ọ.

"Mo ti gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì ní yàrá wọn, Mẹkáníìkì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà. "Jẹ́wọ́ fún wọn," ó ní.

"Kí n jẹ́wọ́ kí ni?"

"Ṣáà sọ pé ìwọ ni. Wọ́n á bú ẹ, wọ́n á sunkún, á parí. A ó kó lọ síbòmíì."

"Ṣé ẹ̀yin gbà pé èmi ni?"

"N ò gba nǹkan kan gbọ́." Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ẹni tó kú ti kú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ú kí ilé yìí tó lè sùn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Ó ronú sí i gan-an, bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ. "Ìwọ ò lọ́mọ tí wọ́n máa fi bú," ó ní.

Aránṣọ ti máa ń rò pé bí nǹkan bá dun ènìyàn jù, ẹkún ló ń jáde. Ó yà á lẹ́nu pé ojú òun gbẹ. Ó tiẹ̀ rò ó wò pé òun á jẹ́wọ́. Ó dán an wò lábẹ́ ahọ́n, "Èmi ni," kó lè mọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. Ó korò ju kí ó ṣeé gbé mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba àgbàlá kọjá bí ẹni tó fẹ́ lọ pọnmi. Ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí abọ́, ó mú ẹyẹ náà, ó sì dá abọ́ àti òkúta padà sí ààyè wọn. Ìyálé nìkan ló rí i tó tẹ̀ ba níbẹ̀, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ó sún mọ́ ọn láti wo ohun tó ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, tíṣà kan tí kò tíì gba aṣọ rẹ̀ padà, ti sọ fún un pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nígboro, níbi tí wọ́n ti ń yẹ irú nǹkan báwọ̀nyẹn wò. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ló bá níbẹ̀, tó ń rùn káńfọ̀. Obìnrin Awalẹ̀pìtàn tí wọ́n mú un lọ bá kò dàgbà púpọ̀; erùpẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀, ó sì fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Nígbà tí Aránṣọ tú aṣọ tó fi di ẹyẹ náà, ó dìde nídìí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà. Ta ló ní kí ẹ mú un wá?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé ẹyẹ náà lé òṣùwọ̀n, ó wọn gígùn rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó fi rúlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó kọ nọ́ńbà sára àpò ọ̀rá kan, nọ́ńbà kan náà ló kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ó fara balẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Aránṣọ wí nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, "ṣé ẹyẹ àjẹ́ ni?"

Awalẹ̀pìtàn gbójú sókè. Kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò mọ àjẹ́, mà. Èyí tó wà níwájú mi yìí ni mo mọ̀. Idẹ ni. Ẹ wo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ti tẹ̀ díẹ̀. Aṣọ tó nípọn ló máa ń gbà kọjá. Èjìká ni ẹni tó ni ín ti ń fi de aṣọ. Ó sì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí àwọn tó bí ìyá ìyá yín tó dáyé."

"Ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ni àbí?"

"Ó lè sọnù. Wọ́n sì lè sin ín mọ́ ọn lára. Ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ dé ibi kànga yẹn nìyẹn, kí n wo ògiri rẹ̀, kí n kọ ibi tó ti jáde sílẹ̀. Nígbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Lọ́la," ni Aránṣọ dáhùn. "Bí ẹ bá pẹ́, ẹ lè má bá mi níbẹ̀."

Ìròyìn ti gba gbogbo àdúgbò kó tó padà délé. Wọ́n ti ṣí abọ́, wọn ò bá ẹyẹ. "Ó ti fò lọ!" ni wọ́n ń pariwo. Aránṣọ ní òun gbé e lọ sílé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, wọ́n ti fi nọ́ńbà sí i. Àkọ́bí rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó ní àjẹ́ tó gbọ́n nìyí, ó ti fi ẹyẹ rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ìjọba.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga sí àgbàlá. Ìyá Àgbà jókòó láàárín, Ìyálé gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn lé ẹsẹ̀, àwọn aládùúgbò fara ti ọgbà. Wọ́n ní kí Aránṣọ dúró síwájú. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí Awalẹ̀pìtàn bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú alágbàṣe méjì. Ó kí wọn, ó sọ ohun tó bá wá.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó," ni Àkọ́bí wí. "Ká lè mọ̀ bóyá ìtẹ́ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n omi ti ru nínú kànga, ó ti bo ìdajì ògiri. Awalẹ̀pìtàn béèrè bóyá ẹ̀rọ ìfami wà nítòsí.

"Ó wà," ni Ìyálé wí. "Ti àbúrò ọkọ mi wà ní ṣẹ́ẹ̀dì."

"Ó ti bàjẹ́," ni Mẹkáníìkì yára sọ.

Àwọn alágbàṣe ti wọ ṣẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ká ọ̀rá dúdú tó bò ó, wọ́n gbé e jáde, ọ̀kan fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù. Àwọn ènìyàn wo Mẹkáníìkì. Ó ní ó yà á lẹ́nu.

Wọ́n na páìpù sínú kànga. Omi kò gòkè, kànga ti jìn jù. "Ẹ jẹ́ ká gbé e sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ omi," ni alágbàṣe kan wí. Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì rọra ń tú u sílẹ̀, ariwo rẹ̀ ń dún láti inú ihò. Awalẹ̀pìtàn, tó ti tẹ̀ ba nídìí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, pariwo pé kí wọ́n dúró ná, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Àkọ́bí ti so okùn mọ́ ìbàdí.

"Kànga bàbá mi ni," ó ní. "Èmi ni mo máa wọ̀ ọ́. Ohun tó pa á níbẹ̀, kó wá pa èmi náà." Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá etí kànga, ó ń gbé èkejì.

Aránṣọ ń wo ọkọ rẹ̀. Òógùn ti bò ó. Ẹnu rẹ̀ là, ó pa dé, ó tún là.

"Má wọ̀ ọ́!" Igbe náà ya ọ̀fun Mẹkáníìkì. Ó sáré, ó fi apá méjèèjì gbá Àkọ́bí mú láyà, àwọn méjèèjì ṣubú sílẹ̀. "Má wọ̀ ọ́! Èéfín rẹ̀ ló pa bàbá ẹ!"

Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń bú nínú kànga, èéfín rẹ̀ ń yọ létí ihò díẹ̀díẹ̀. Alágbàṣe fà á jáde, ó pa á.

Mẹkáníìkì kò dìde nílẹ̀. "Omi ń ru," ó ní. "Páìpù ò lè fà á. Ẹ ti jáde tán nílé. Ẹ̀gbọ́n ní ká gbé e wọlẹ̀. Mo mọ̀ pé èéfín ẹ́ńjìnnì ń pani níbi tí atẹ́gùn ò gbé sí. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà ní kí wọ́n yára. Mo lọ ra epo, mo pàdé ẹnì kan, a jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé, mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo fa ẹ́ńjìnnì jáde, mo gbé e pamọ́. Ìgbà yẹn ni mo pariwo."

Ìyá Àgbà fara ti àga, ó dìde. "O fa ẹ́ńjìnnì," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kí o tó fa ọmọ mi?"

Obìnrin náà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àkọ́bí dìde. Ó tú okùn ìbàdí rẹ̀. Ó wo bàbá kékeré rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó wo Aránṣọ, ó sì fọwọ́ bojú. Ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ìyàwó," ó ní, "ìyàwó wa, ẹ̀mí èṣù ni..."

"Ìyálé mi, ẹ má sọ nǹkan kan lónìí," ni Aránṣọ wí. "Ọmọ yẹn ń gbóná. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n fún un lóògùn ibà. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbé e lọ láti ọjọ́ yìí."

Ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó dúró lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, kò pe ọkùnrin yìí ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ," ó ní. "Lọ́jọ́ tí o ní kí n jẹ́wọ́, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ti kànga, ǹ bá bá ẹ ru ú. Àṣìṣe ni. Ǹ bá jókòó tì ẹ́ níwájú wọn, kí wọ́n bú àwa méjèèjì. Èyí tí o fẹ́ fi mí ṣe kì í ṣe àṣìṣe."

Awalẹ̀pìtàn ti múra àtilọ. Ó ní òun á padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dúró lókè àti àwọn tó mọ kànga. Ó rọra bi Aránṣọ pé orúkọ ta ni kóun kọ sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè ẹni tó rí ohun náà. Aránṣọ ní kó kọ ti Agbẹ́kànga. "Òun ló hú u jáde," ó ní. "Èmi kàn he é ni." Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọkọ̀ gbé òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ òun dé ìgboro, nítorí òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀. Àwọn alágbàṣe gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Ojú ń ti àwọn tí ì bá sọ ọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé ìta, ó sì ti yí padà lójú ọ̀nà. Lẹ́bàá ọgbà, Aránṣọ gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àjẹ́ náà le o, ó ti mú ọkọ rẹ̀ débi tó fi ń purọ́ mọ́ ara rẹ̀. Obìnrin tó ń sọ ọ́ rí i, ó sì yára fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ìró.

Aránṣọ ti fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ padà, ó rìn lọ bá obìnrin náà, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

"Ẹ káàsán o, mà," ó ní.

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Awakọ̀ fọn fèrè. Aránṣọ kò mira, ojú obìnrin náà ló ń wò, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí onítọ̀hún fi la ẹnu tó sì dáhùn pé, "Ẹ káàsán."